Ẹsẹ Orin tí N Kò Gbọ́

Ìyá mi ló kọ́kọ́ fẹ́ràn obìnrin olórin yìí kí n tó mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ ni bàbá mi, ará Èkìtì. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkọ̀tún ni wọ́n gbé e wá nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, a sì gba yàrá méjì nínú ilé bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, ìyá mi á gbé rédíò sórí fèrèsé, á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, á máa fọ aṣọ ọ̀sẹ̀. Bí orin obìnrin yìí bá ti bẹ̀rẹ̀, á na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó kún fún ọṣẹ sókè, gbogbo wa á sì mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ dákẹ́.

Kì í ṣe olórin òde ìnáwó. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ orin rẹ̀, òun ló ń ta jìtá sí i. Kò ní elégbè, kò sì ki olówó kankan rí. Ohun tó bá rí ládùúgbò ló ń kọ: tíṣà tí wọ́n ti fẹ̀yìn rẹ̀ tì ṣùgbọ́n tí kò yé jí ní aago márùn-ún àárọ̀, ọmọge tó ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò fèsì mọ́. Èyí tí ìyá mi fẹ́ràn jù ni orin kan tí gbogbo wa ń pè ní orin kànga. Nínú orin yẹn, obìnrin kan lọ pọnmi, ó bá obìnrin mìíràn tí kò mọ̀ rí létí kànga, tó ń sunkún. Kò bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ó pọn omi tirẹ̀, ó lọ sílé. Nígbà tó délé, ara rẹ̀ kò balẹ̀, ó padà lọ síbẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni mọ́. Ibẹ̀ ni orin náà parí sí. Àwọn èèyàn a máa kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ rédíò pé kí wọ́n bá àwọn bi í léèrè, kí ló ṣẹlẹ̀ sí obìnrin etí kànga? Èsì kan náà ló máa ń fún wọn. Ó ní òun náà kò tíì mọ̀.

Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kíndìnrín ni wọ́n ní ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó lajú, ó bi mí pé, "Kí lo rò pé ó ṣe obìnrin yẹn?"

Mo mọ obìnrin tó ń sọ. Mo ní, "Bóyá ó ti lọ sílé ìyá ẹ̀, mà."

Ó ní, "Bóyá." Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tó fi kú.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo kọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé. Bàbá mi kò fẹ́ ẹ, ó ní tíṣà ló yẹ kí n ṣe, ṣùgbọ́n kò bá mi jà. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo fi aṣọ dúdú pín in sí méjì, mò ń ya fọ́tò níwájú, mò ń fọ fíìmù lẹ́yìn. Sójà ló ń ṣèjọba nígbà náà. Àwọn tó ń ya fọ́tò ńlá tí wọ́n máa gbé kọ́ sí ògiri pálọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni gbogbo èèyàn ń yà. Nọ́ọ̀sì, tíṣà, ẹnjiníà, wọ́n á jókòó sórí àpótí tí mo gbé síwájú aṣọ funfun, wọ́n á ní kí n ṣe é kíá. Mo ya tíṣà tó kọ́ mi ní ìṣirò. Mo ya ọmọ ìyá mi ọkùnrin, mo sì sọ fún un pé kó má rẹ́rìn-ín, torí wọn kì í gba fọ́tò tí èèyàn bá ti rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì lọ sí òkè òkun, wọn kò padà.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, a kò gbúròó obìnrin olórin náà mọ́. Rédíò ti ní àwọn mìíràn. Àwọn kan ní ó ti kú, àwọn kan ní ó ti di onígbàgbọ́, ó sì ti jáwọ́ nínú orin ayé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Tusidé kan, ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí kọ́là rẹ̀ ti ń já, gẹ́gẹ́ bíi tíṣà.

"Ẹ káàsán, àǹtí. Ẹ̀yin lẹ ya fọ́tò nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé wa fẹ̀yìn tì, àbí?"

"Èmi ni, sà. Ẹ jókòó."

Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọrin ní Sátidé yìí, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa ní Ìpájà, nítòsí ibùdókọ̀ Command. Aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ lè má mọ̀ ọ́n ṣá. Ó ti pẹ́ díẹ̀." Ó wá dárúkọ rẹ̀.

Mo dìde láìmọ̀ pé mo dìde. "Ẹ̀gbọ́n yín ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ ìyá kan náà."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mo ń sọ fún un pé kò sí ohun tó máa dá mi dúró, pé bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn dé ibẹ̀, màá rìn. Ó jẹ́ kí n sọ tèmi tán. Lẹ́yìn náà ló wojú títì, kò wojú mi, ó ní:

"Ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn ún. Wẹsidé tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà sọ fún wa pé kí wọ́n tó lè yọ nǹkan yẹn, wọ́n máa gé ibi tí ohùn ti ń jáde."

"Gbogbo ẹ̀, sà?"

"Gbogbo ẹ̀." Ó fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀. "Kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ó ní tí wọ́n bá mọ̀, àánú òun ni wọ́n máa máa ṣe, wọn ò ní gbọ́ orin. Ẹ̀yin ni mo sọ ọ́ fún o, torí ó fẹ́ kí fọ́tò náà pọ̀ dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi kan máa gbé ẹ̀rọ wá, òun á gba orin sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa bójú tó ojú ẹ̀."

Lẹ́yìn tó lọ, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sẹ́yìn aṣọ dúdú. N kò fọ fíìmù kankan lọ́jọ́ náà.

Ọ̀wọ́n epo wà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí mọ́tò. Ní Sátidé, mo gbé kámẹ́rà mi àti fíìmù mẹ́ta kọ́ èjìká, mo rìn láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìpájà. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì pọ́n fún eruku amọ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Ìwé ìkéde kan ṣoṣo ni mo rí lójú ọ̀nà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé kan, òjò ti fọ orúkọ olórin náà dà nù ní apá kan.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé náà gùn, páànù ni wọ́n fi bò ó, kò sí àjà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè gba irinwó èèyàn. Àwọn tó wá kò ju àádóje lọ, wọ́n sì fọ́nká sórí bẹ́ǹṣì. Tíṣà ló pọ̀ jù nínú wọn, àti àwọn nọ́ọ̀sì kan tí wọn kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, àti àwọn màmá àdúgbò tí ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni wọ́n ì bá jẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Ìpájà jókòó ní iwájú pátápátá, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

Nínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó sórí àga àwọn ọmọ iléèwé, jìtá wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti rù. Nínú àwọn àwòrán tó wà lára àwo orin rẹ̀, ó sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Èyí tí mo rí yìí, eegun èjìká rẹ̀ ti yọ lábẹ́ bùbá, ó sì fi gèlè kékeré kan wé ọrùn.

"Ìwọ lonífọ́tò?" Ohùn rẹ̀ há, ṣùgbọ́n òun náà ni. Ǹ bá mọ̀ ọ́n níbikíbi. "Obìnrin ni ẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà. Ìyá mi..."

Ó gbé ọwọ́ sókè. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, jẹ́ n fi ohùn tó kù pamọ́. Tá a bá ti parí, wá sọ ọ́ fún mi, màá gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Má lọ dúró lókèèrè o. Sún mọ́ mi dáadáa. Mo fẹ́ kójú mi hàn."

Ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta kọjá díẹ̀. Ọ̀rẹ́ àbúrò rẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ńlá kan sórí tábìlì, ó so wáyà rẹ̀ mọ́ iná ògiri. Orin mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Àwọn èèyàn bá a gbè é, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Níbi tí ohùn rẹ̀ kò bá ti lè gòkè mọ́, á dúró, á jẹ́ kí jìtá sọ ibẹ̀, ẹni tí kò bá mọ nǹkan kan á rò pé bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Èmi tí mo mọ̀ ń ya fọ́tò, mo ń rìn lọ, mo ń rìn bọ̀. Mo lo fíìmù méjì tán.

Orin karùn-ún ló ń kọ lọ́wọ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé abẹ́ páànù tí kò ní àjà rí mọ bó ṣe máa ń rí. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta lé wa lórí. Kò pẹ́, iná lọ. Máìkì kú, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ náà kú. Ọkùnrin tó ni ín ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó wá káwọ́ gbera. Ẹ̀rọ náà kì í lo bátìrì. Jẹnẹrétọ̀ iléèwé wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, kò sí epo nínú rẹ̀. Àbúrò obìnrin náà mú gálọ́ọ̀nù, ó sáré wọnú òjò lọ láti wá epo.

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Àwọn èèyàn kan ti ń dìde. Ṣùgbọ́n obìnrin olórin náà gbé jìtá rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan láàárín gbọ̀ngàn.

Ó ní, "Ẹ gbé bẹ́ǹṣì yín sún mọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó wá."

Wọ́n wá. Wọ́n to bẹ́ǹṣì yí i ká bí àwọn tó ń yáná. Èmi kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì níwájú rẹ̀, ó súnmọ́ débi pé orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká mi. Mo tan fíláàṣì lẹ́ẹ̀kan.

"Fi mọ̀nàmọ́ná yẹn sílẹ̀ jàre, ọmọ mi, ojú ń ro mí."

Mo yọ ọ́ kúrò. Ó wá ku ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé láti ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ òjò, tó rẹwẹ̀sì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ ohun tó túmọ̀ sí. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ lajú pẹ́, ọwọ́ èèyàn kò sì gbọ́dọ̀ gbọ̀n rárá. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, fọ́tò á dà bí èéfín. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ mi méjèèjì mọ́ ìhà, mo sé èémí, mo ń kà nínú ọkàn mi: ọ̀kan, èjì. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún mí. Mo tún sé èémí. Fọ́tò méjìlá ló kù nínú fíìmù tó gbẹ̀yìn.

Orin kànga ló bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí ìka rẹ̀ ti kan okùn jìtá. Ọkàn mi sọ fún mi pé kí n gbé kámẹ́rà sílẹ̀ kí n gbọ́ ọ. N kò gbé e sílẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ni mo wá ṣe, pé ojú obìnrin yìí kò tún ní rí báyìí mọ́ láéláé. Mo ka ọ̀kan, mo ka èjì. Mo rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì. Mo rí iṣan ọrùn rẹ̀ bó ṣe ń nà lábẹ́ gèlè kékeré yẹn. Mo rí i pé èékánná rẹ̀ kan ti já. Gbogbo ìyẹn ni mo lè júwe fún ẹni tó bá bi mí lónìí.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí gbogbo èèyàn tó yí wa ká mí sókè pé, "Háà!" Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ká ọwọ́ lérí, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo yí kámẹ́rà sí i, mo yà á. Fíìmù tán. Nígbà tí mo máa fi gbé kámẹ́rà kúrò lójú, obìnrin olórin náà ti dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí okùn jìtá kó má baà dún mọ́.

Bàbá ọmọ onílẹ̀ yẹn tẹ̀ síwájú. "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ó ní, "Bó ṣe rí nìyẹn, bàbá."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti fi ẹsẹ tuntun kún orin náà. Ó ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin etí kànga. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù nínú gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀, n kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan.

Ó wúkọ́ sínú áńkáṣíìfù, ó ká a, ó fi í sápò. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ ọn. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí. Mo sì rò pé bó bá yá, ẹnì kan á sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù òfìfo, tí aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, a ti ń to bẹ́ǹṣì padà.

Fọ́tò náà dára. N kò ya irú rẹ̀ rí ṣáájú, n kò sì yà á mọ́ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń yọ bọ̀ nínú omi oògùn tá a fi ń fọ fọ́tò, tí ẹnu rẹ̀ là, tí ó dijú, mo sọ̀rọ̀ síta nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù mi pé, "Mo ti rí i mú." Inú mi dùn. Inú mi dùn títí di ọjọ́ Wẹsidé, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, tí mo wá rántí pé n kò gbọ́ ẹsẹ náà, pé ohùn yẹn kò ní dún mọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó ní kí n wá. Ilé àbúrò rẹ̀ ló wà, ní Àyọ̀bọ̀, ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán, tí oko gbágùúdá wà ní apá mẹ́ta rẹ̀. Ó jókòó sí fàráńdà. Aṣọ funfun wà ní ọrùn rẹ̀, ọ̀pá rọ́bà kékeré kan yọ láàárín rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń mí, mímí náà sì ń dún. Ìwé ọmọ iléèwé kan àti bíró wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe ní kí n wá sọ ọ́: ọṣẹ, rédíò orí fèrèsé, ìbéèrè tó bi mí kó tó kú. Ó gbọ́ ọ látòkè délẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn náà ló gba fọ́tò, ó ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, àbúrò rẹ̀ ń gba èyí tó bá ti wò tán. Nígbà tó dé ibi àwọn tó gbẹ̀yìn, ó mú bíró, ó kọ̀wé, ó yí ìwé náà sí mi.

Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Èwo ni mo ti ń kọ ẹsẹ tuntun?

Mo wò wọ́n. Ẹnu rẹ̀ là nínú gbogbo wọn. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan. "Ó dà bí eléyìí, mà."

Ó tún kọ̀wé: Sọ ọ́ fún mi.

N kò lóye. Mo wo àbúrò rẹ̀.

Ó ní, "Kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí, àǹtí. Ẹnu ẹ̀ ló ti jáde lọ́jọ́ yẹn. Látìgbà tó ti jí ní ọsibítù ló ti ń wá a, kò rí i mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì náà sì ti dúró. Èmi ò sí ńbẹ̀." Ó gbé ojú sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún gbé e kúrò. "Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ní gbogbo ìgbà pé kò sí wàhálà, onífọ́tò wà lẹ́sẹ̀ òun."

Ó yẹ kí n ti sọ òótọ́ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ni n kò lè wò. Ó wò mí bí ọmọdé tó ń retí oúnjẹ. Mo la ẹnu, ohun tí mo sọ fún ìyá mi ló jáde.

"Ó... ó lọ sílé ìyá ẹ̀, mà."

Ó ronú sí i. Mo rí i pé ó ń gbé e wò, ó ń dán an wò bí èèyàn ṣe ń dán kọ́kọ́rọ́ wò. Ó wá mi orí. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú ìwé: Rárá.

Kò mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí kì í ṣe.

Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, mà. Mi ò gbọ́. Kámẹ́rà ni mò ń wò." Mo bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wà, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Kò bínú. Bó bá jẹ́ pé ó bínú ni, ì bá sàn fún mi. Ó fi ọwọ́ kan orí mi lẹ́ẹ̀kan, ó pa ìwé náà dé, ó yí ojú sí oko gbágùúdá.

Èmi àti àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó wà níbẹ̀. A lọ bá nọ́ọ̀sì kan ní Ìgàndò. Ó ní obìnrin náà kó sínú kànga. Ó dá a lójú, ó ní òun kò sùn fún ọjọ́ méjì. Bàbá ọmọ onílẹ̀ Ìpájà ní irọ́ ni, kò sí ẹni tó kú, ó ní orin náà sọ pé ọ̀kan náà ni àwọn obìnrin méjèèjì. Mo ní kó sọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ti lọ, ọmọ mi. Adùn ẹ̀ nìkan ló kù sí mi létí. Òjò yẹn pọ̀."

Tíṣà kan ní Ìkọ̀tún sọ tirẹ̀, ó yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. Méjì nínú àwọn tá a wá ti kúrò nílùú. Obìnrin tó ká ọwọ́ lérí ló kù, èyí tí mo fi fọ́tò mi tó gbẹ̀yìn yà. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo gbé fọ́tò náà kiri Command fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń fi í han àwọn oníṣọ́ọ̀bù, kí ẹnì kan tó júwe ilé rẹ̀ fún mi. Aṣọ ni ó ń rán. Nígbà tó rí fọ́tò ara rẹ̀, ó jókòó.

"Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni, mà. Mo fẹ́ bi yín léèrè ẹsẹ tó gbẹ̀yìn nínú orin yẹn ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ sunkún tó bẹ́ẹ̀."

Ó mi orí. "Àǹtí, kì í ṣe orin ni mò ń sunkún sí. Lọ́jọ́ Tọsidé ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n wá sọ fún mi pé ọkọ mi ti kú sí ìdálẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló fà mí wá síbẹ̀ pé kí ọkàn mi lè kúrò níbẹ̀ díẹ̀. Mi ò gbọ́ orin kankan." Ó bi mí bóyá òun lè mú fọ́tò náà. Mo fi í sílẹ̀ fún un.

Mo kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sínú ìwé, mo gbé e lọ sí Àyọ̀bọ̀. Obìnrin olórin náà kà á, ó ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tún lọ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú èyí tí mo rí lẹ́yìn náà. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, kò gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe pé kí n jókòó, a jókòó, a jọ ń wo àwọn tó ń tu gbágùúdá títí mo fi lọ.

Àìsàn náà padà wá, inú ẹ̀dọ̀fóró ló gbà wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó kú nínú ọyẹ́. Ọ̀kan nínú fọ́tò mi ni wọ́n mú gbé sí ẹ̀gbẹ́ pósí, wọ́n sọ ọ́ di ńlá, ẹnu rẹ̀ là nínú rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń yìn ín. Obìnrin kan di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ó dà bí ẹni pé èèyàn ń gbọ́ ohùn wọn." Mo ní ẹ ṣé, mà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò rẹ̀ gbé ìwé ọmọ iléèwé yẹn fún mi pé kí n wò ó. Láàárín ìbéèrè pé kí wọ́n fún òun lómi, pé kí wọ́n ṣí fèrèsé, ojú ìwé mọ́kànlá wà níbẹ̀ tó fi gbìyànjú ẹsẹ náà. Ìlà kan, nígbà mìíràn ìlà méjì, lẹ́yìn náà ló fagi lé e. Èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì péré, ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n débi pé a kò lè kà á.

Mo bi í pé, "Ṣé kí n ya fọ́tò àwọn ojú ìwé yìí, sà?"

Ó gba ìwé náà padà lọ́wọ́ mi. "Ẹ jẹ́ ó lọ, àǹtí."

Ó ṣí lọ sí Èkìtì ní ọdún tó tẹ̀ lé e, n kò rí i mọ́. Ní ọdún yẹn náà, àwọn kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n wá ya fọ́tò olórin kan tó máa kọrin ní Ìkọ̀tún. Mo sọ fún wọn pé ọwọ́ mi dí. Ọwọ́ mi kò dí. Mo jókòó síbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ tí olórin náà kọrin, kò sí ẹni tó wọlé, mo ń wo títì.